Jẹ́ Kó Kọjá Lọ

"Dijú. Mí sínú, mí síta," ni ọkọ wí, bó ṣe ń tẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sórí fóònù.

Ìyálé dijú lórí ẹní. Láti ọjọ́ tí ọkọ, tó jẹ́ olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti gbé Doyinsọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, níyàwó wálé ló ti sọ èyí di iṣẹ́ òòjọ́ fún un, kí ẹkún rẹ̀ lè dá.

"Bẹ́ ẹ bá pè mí ńkọ́, Bàbá Máyọ̀wá?"

"Má dá mi lóhùn. Ariwo yòówù tó o bá gbọ́, jẹ́ kó kọjá lọ. Ulé á tòrò."

Ó jókòó ti iyán rẹ̀, ó bu òkèlè tó tó ìkúùkù.

Kò pẹ́, àwo ọbẹ̀ fọ́. Àga ṣubú. Ìyálé la ojú kan. Òkèlè ti há ọkọ lọ́fun. Ohùn ò jáde, ẹyinjú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ já bọ́, ó ń na ọwọ́ sí i. Doyinsọ́lá ti lọ kí àwọn òbí rẹ̀ nílùú Ìṣẹ́. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nílé.

Ìyálé tún dijú. Ó mí sínú, ó mí síta. Ẹsẹ̀ ń jan ilẹ̀ gbì, gbì, gbì. Ó jẹ́ kó kọjá lọ.

Òótọ́ lọkọ sọ: ilé tòrò, ara sì tù ú pẹ̀sẹ̀. Ó yọjú wo fóònù. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ó jókòó parí rẹ̀.