Ọjọ́ Tí Ẹja Ń Yé Ẹyin

Ọṣẹ ti hó bo gbogbo orí Láníyọnu kí ẹ̀rọ omi tó dákẹ́. Ẹ̀rọ náà ní, "Ẹ má bínú. Ẹja ń yé ẹyin lódò. Omi di ọ̀la."

Òní gan-an ló sì fẹ́ lọ tọrọ Àwẹ̀ró lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fa kẹ́ẹ̀gì kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Yáa fi ṣanrí, jàre. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń fi omi pamọ́ lọ́jọ́ ẹja, tí lílo omi jẹ́ èèwọ̀ fún gbogbo ìlú?"

"Ṣé ẹja lo fẹ́ fẹ́ ni?"

Ó kọ̀, ó lọ bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ gbẹ mọ́ ọn lórí, ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Lékèélékèé méjì bà lé e, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa kọ́lé sí.

Ó bá ọkùnrin kan nílé Àwẹ̀ró tí òun náà wá tọrọ rẹ̀. Orí onítọ̀hún ń dán bí àwo tuntun.

Bàbá Àwẹ̀ró jáde. Ọṣẹ ti gbẹ mọ́ irùngbọ̀n tirẹ̀ náà dé àyà. Ó wo orí tó ń dán.

"Ọ̀gbẹ́ni, níbo lo ti rí omi?"

Ọ̀gbẹ́ni fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Bàbá bá kọjú sí Láníyọnu.

"Jókòó, ọmọ mi. Rọra o, má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ẹyẹ yẹn fò."