Òkété Tó Wọ Abẹ́ Ilé

Ilé Lassissi ní Boribana wó lọ́sàn-án, lẹ́yìn òjò ńlá. Ibi iṣẹ́ ni Lassissi wà, ìyàwó rẹ̀ sì wà ní Kútọnu. Táyé, ọmọ wọn obìnrin, nìkan ló wà nílé. Kẹ́hìndé ti jáde láàárọ̀, ó ní òun ń lọ kí àǹtí rẹ̀ ní àdúgbò Zone 4.

Fausiatou, aládùúgbò wọn, ní òun gbọ́ ohùn ọmọ níhà òsì, níbi tí ilé ìdáná wà. Kò tún sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn panápaná kò lè walẹ̀ láìmọ ojú ibi tí ọmọ wà, torí ògiri tó kù ṣì ń mì.

Ìgbà náà ni Bọ́láṣadé dé láti Biétry, níbi tó ti ń ṣèwádìí ìwà ẹranko. Ó gbé òkété kan wá. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí òkété náà bíi fìlà, kámẹ́rà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí Bọ́láṣadé bá tẹ fóònù rẹ̀, ẹ̀rọ náà á fi iná mànàmáná fẹ́ẹ́rẹ́ kan ọpọlọ ẹranko náà, òkété á sì yà sí òsì tàbí ọ̀tún.

"Òórùn ló fi ń wá èèyàn," ó ní. "Ẹ fún mi láṣọ ọmọ náà."

Fausiatou mú aṣọ ìbora tí àwọn ìbejì náà jọ ń lò wá. Òun ló bá wọn ká a lórí okùn nígbà tí òjò ṣú.

"Òkété tí à ń sè lọ́bẹ̀," ó ní, "òun ló fẹ́ wá ọmọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́." Lassissi, tó ti sáré dé láti ibi iṣẹ́, ti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú Bọ́láṣadé, ọ̀dọ́bìnrin tí òun lè bí lọ́mọ.

Òkété náà wọlé. Wọ́n ń wò ó lórí fóònù. Ó gbóòórùn, ó yà sọ́tùn-ún.

"Òsì ni, Madame!" Lassissi kígbe. "Yàrá ló wà lọ́tùn-ún, kò sẹ́ni níbẹ̀!"

Bọ́láṣadé tẹ òsì. Òkété náà yà, ó tún padà sọ́tùn-ún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún padà.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ wò ná, sà."

"Ẹranko ni! Oúnjẹ ló ń wá kiri! Ọmọ mi ò lè mí níbẹ̀. Madame, pardon, ẹ gbé e sí maximum!"

Bọ́láṣadé wo ojú rẹ̀, ó gbé agbára iná náà sókè. Òkété náà gbọ̀n, ó dúró, ó sì gba òsì lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ kan hàn lórí fóònù. Ẹsẹ̀ náà mì.

Jérémie, ọ̀gá panápaná, ní igi àjà kan dábùú ọmọ náà, òun náà ló sì gbé apá ọ̀tún dúró, àfi kí àwọn gé e. Ó bi Lassissi bóyá ẹlòmíì wà nínú ilé.

"Rárá. Táyé nìkan ni. Ẹ gé e!"

Wọ́n gé e. Apá ọ̀tún ya lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ibẹ̀, torí wọ́n ti ń fa Táyé jáde, ó sì ń mí. Lassissi gbá a mọ́ra. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ́láṣadé, ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ òkété.

"Papa," ni Táyé wí, "ṣé wọ́n ti gbé Kẹ́hìndé náà jáde, torí òjò ló dá a padà lọ́nà, yàrá ló sì lọ sùn sí?"