Prínta Aláràbarà àti Arúgbó Tó Ń Wúkọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá sá lọ. Ibi tó ti dun obìnrin inú rẹ̀ wà láàárín, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń dúpẹ́ títí dòní wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tẹ́ ẹ bá ń gbèrò láti ra ohunkóhun torí pé owó rẹ̀ kéré, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.

Mọ́mì Atẹ̀wé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Prínta kan ṣoṣo ló ní, dúdú nìkan ló sì ń tẹ̀. Ó ti gbó débi pé ó máa ń wúkọ́ kó tó ti ìwé àkọ́kọ́ jáde. Arúgbó ni Mọ́mì sọ ọ́, Arúgbó yìí ló sì fi tọ́ àwọn ìbejì rẹ̀ jáde nílé-ìwé.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń ta ẹ̀rọ fi prínta tuntun hàn án. Lésà ni, aláràbarà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ọkàn Mọ́mì fò fẹ̀rẹ̀. Owó tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń kó jọ láti fi pààrọ̀ páànù ṣọ́ọ̀bù tó ń jò wà nílẹ̀, yóò sì tó láti rà á géérégé. Nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe káfíńtà.

"Bàbá Ìbejì, á máa tẹ fọ́tò, á máa tẹ káàdì ìgbéyàwó. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan."

Ọkọ rẹ̀ fi ṣíbí sílẹ̀. "Kí ló máa ń jẹ?"

"Tónà ni, ìyẹn yíǹkì ẹ̀. Mẹ́rin ni: dúdú, pupa, búlúù, yẹ́lò. Wọ́n ti wà nínú ẹ̀."

"Tí ìyẹn bá tán ńkọ́? Èló ni òmíì?"

"Ẹ̀yin náà! Ẹ jẹ́ ká rà á ná."

Ẹ ṣàkíyèsí o. Ìbéèrè yẹn gan-an ni kò dáhùn.

2.

Prínta tuntun dé, ó funfun báláú. Mọ́mì ní ojú òun ò gba Arúgbó mọ́.

"Ẹ bá mi gbé e kúrò níbí. Ẹ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ."

"Ọmọdé lè láṣọ tó àgbà o," ni ọkọ rẹ̀ wí, "kò lè ní àkísà tó o."

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀." Mọ́mì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà gbé Arúgbó jáde.

Ọjà wá yá. Fọ́tò ọjọ́ ìbí, káàdì, àwòrán òdòdó, yẹ́lò sì ni gbogbo èèyàn ń fẹ́. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í yan. Ó ń kí àwọn atẹ̀wé yòókù ládùúgbò pé, "Ẹ̀yin onídúdú, ẹ kú ìsinmi o."

Nígbà tó yá, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lórí prínta náà. Ó ń yọ Mọ́mì lẹ́nu. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó gé téèpù dúdú, ó fi bò ó lójú. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

3.

Ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi prọ́jẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ dé. Ọmọbìnrin kan tó ti sanwó tẹ́lẹ̀ sáré wọlé láàárọ̀.

"Mọ́mì, agogo méjìlá ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ò bá rí i fi sílẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ dúdú lásán ló wà nínú ìwé náà. Mọ́mì tẹ bọ́tìnì. Prínta dákẹ́. Ó kọ ọ́ síwájú pé yẹ́lò ti tán.

"Mi ò bèèrè yẹ́lò lọ́wọ́ ẹ," ni Mọ́mì ń bá ẹ̀rọ wí. "Dúdú ni mo ní kó o tẹ̀."

Ó kọ̀ jálẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe èyí tó rà nìyẹn: tí ọ̀kan bá ti tán nínú mẹ́rin, kò ní fi mẹ́ta tó kù ṣiṣẹ́. Mọ́mì pe ẹni tó tà á fún un.

"Mà, tónà tó wà nínú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìdajì ni. Owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun ju owó tẹ́ ẹ fi ra prínta lọ. Yẹ́lò sì dọ̀la kó tó dé."

Èrò àwọn ṣọ́ọ̀bù yòókù ti tò dé títì. Ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Aṣọ ni ìyá mi ń bá èèyàn fọ̀ torí ọdún kan tó kù yìí," ló wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mọ́mì kò lè wò ó. Ó yọjú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń la pákó.

"Bàbá Ìbejì, mo ti ba ọmọ ọlọ́mọ láyé jẹ́."

Ọkùnrin náà tẹ́tí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa nǹkan kan tó fi àpò sìmẹ́ńtì bò jáde lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Arúgbó ni.

"Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ?"

"Èmi ni mo fẹ́ ẹ," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Arúgbó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kí agogo méjìlá tó lù, ọmọbìnrin náà ti sọdá títì pẹ̀lú ìwé rẹ̀ láyà. Mọ́mì kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀ láàárín ègé ìwé, ó sunkún ọpẹ́.

4.

Ọmọ yẹn ti di nọ́ọ̀sì báyìí. Páànù ṣọ́ọ̀bù ṣì ń jò, torí owó rẹ̀ ti bá prínta lọ. Tí òjò bá ń rọ̀, orí prínta tuntun ni Mọ́mì ń gbé bàsíà tó ń gbomi lé. Arúgbó ló ń bọ́ wọn. Láràárọ̀ tó bá ti wúkọ́, Mọ́mì á ní, "Ẹ ṣé o."

"Èmi ni àbí òun?" ni ọkọ rẹ̀ máa ń bèèrè.

"Ẹ̀yin méjèèjì."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kẹ́ ẹ má ra tuntun. Ẹ bèèrè ohun tí yóò máa jẹ kẹ́ ẹ tó mú un wọlé. Ẹ má fi téèpù bo iná tó ń kìlọ̀ fún yín. Tí ẹnì kan bá sì wà nílé yín tó ń bi yín ní ìbéèrè tẹ́ ẹ ò fẹ́ dáhùn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.