Àga Ìyáàfin Thorne

"Dìde lórí àga yẹn! Ṣé ìdí lo fẹ́ fi fọ́ imú kìnnìún tó wà lára ẹ̀ ni?" ni Ìyáàfin Thorne jágbe.

"Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, mà," ni agbẹ́gilére wí.

"Gbígbẹ́ ni mo ní kí o gbẹ́ ẹ. Mi ò ní kí o jókòó!"

Ogójì irú àga bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé, ló kún ilé Ìyáàfin Thorne ní Newport, ìlú àwọn olówó ní Amẹ́ríkà. Òun gan-an, orí àpótí pákó págunpàgun tí wọ́n fi kó wọn wá ló ti ń mu tíì.

Ni Ìyáàfin Lathrop, tí wọ́n jọ ń figagbága lórí ta ni ilé ẹ̀ dára jù, bá já wọlé. Ó wo àwọn àga, ó yínmú. Ó rí àpótí, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀.

"Ṣé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, tí gbogbo àrà tuntun ti ń wá, lèyí ti wá?"

Ìyáàfin Thorne gbé àgbọ̀n sókè. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Àlejò yíjú sí agbẹ́gilére.

"Gbẹ́ mẹ́fà fún mi. Kí tèmi sì máa gúnni nídìí ju tiẹ̀ lọ."