Omi Pọ̀ Jù Lẹ́sẹ̀ Àgbàdo

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí Tíṣà Oyèédìran ṣe kò dára: ó ba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ lójú àwọn òbí. Ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé Ìdí-Ìyá ni. Pàṣán ni Tíṣà fi ń kọ́ ọmọ: òun á wí, wọn á gbè é, ó parí. Ìbéèrè ni Ìyáàfin Ìbídùn fi ń kọ́ tirẹ̀ ní kíláàsì kejì. Bí ọmọ bá dáhùn, á ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ni Tíṣà bá dìde ní ìpàdé òbí. "Àfojúdi ni wọ́n ń kọ́ ọmọ yín ní kíláàsì Ìyáàfin. Ọmọ tó ń bá olùkọ́ jiyàn lónìí, ta ni kò ní bá jiyàn lọ́la?" Àwọn òbí gbà fún un. Wọ́n ní bí sáà bá parí, kí wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ Ìyáàfin.

Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní oko àgbàdo lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Tíṣà kọ́ àwọn tirẹ̀ lórin: "Kí ni irúgbìn ń fẹ́? Omi ni, omi ni." Wọ́n ń bu omi sí i láràárọ̀, òjò ìbáà rọ̀. Nígbà tí ewé àgbàdo náà ń pọ́n, ó ní kí wọ́n fi kún omi.

Lọ́jọ́ ìpàdé òpin sáà, gbogbo wọn lọ wo oko, Baálẹ̀ sì bi àwọn ọmọ kíláàsì Tíṣà léèrè ohun tó ṣe àgbàdo wọn tó fi rọ. Wọ́n bú sórin: "Omi ni, omi ni." Àwọn òbí rẹ́rìn-ín títí.

Àdùfẹ́, ọmọ kíláàsì Ìyáàfin, fa ọ̀kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ti rà. "Omi ti pọ̀ jù, sà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?" ni Tíṣà bi í.

"Áà, Tíṣà," ni Baálẹ̀ wí, "ẹ̀yin náà ti wọ kíláàsì Ìyáàfin."

"Tiwa náà pọ́n rí, sà," ni Àdùfẹ́ dáhùn. "A hú ọ̀kan wò, a sì dáwọ́ omi dúró."

Tíṣà wo ilẹ̀. Ó rántí ọmọ kan ní kíláàsì rẹ̀ tó ti bi í bóyá omi náà kò pọ̀ jù. Pàṣán ló fi dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, ẹ gbọ́, àkọ́sórí dára, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìdáhùn tí kò mọ ìdí rẹ̀, ẹrù ẹlẹ́rù ló rù. Ẹ má sì ba iṣẹ́ ẹnìkejì jẹ́ nítorí pé kò jọ tiyín.

Tíṣà ṣí fìlà lójú gbogbo wọn. "Ẹ̀yin òbí, mo purọ́ mọ́ Ìyáàfin. Ẹ má gba kíláàsì lọ́wọ́ wọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìyáàfin, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, ẹ̀yin náà, ẹ forí jì mí. Láti ọ̀la lọ, ẹ máa bi mí ní ìbéèrè."