Wúrà Ìyá Wọn àti Òkè Yìnyín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á délẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó wo ẹni tó jókòó tì yín, kí ẹ sì bi ara yín bóyá òun ló yẹ kí ẹ máa fura sí.

1.

Fáòsíà ń ta aṣọ ní ọjà Kotobabi, ní Àkrá. Mutmainah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ń ta ọṣẹ ní ìsọ̀ tó fara kan tirẹ̀. Kí ìyá wọn tó kú, ó fi ẹ̀gbà ọrùn wúrà kan tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà sílẹ̀. Ó ní kí Fáòsíà máa tọ́jú rẹ̀, pé ọmọ-ọmọ òun obìnrin tó bá kọ́kọ́ lọ sílé ọkọ ni kó fi sọ́rùn. Lubabah, ọmọ Mutmainah, ló kàn, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì dá ìgbéyàwó rẹ̀ sí.

Lọ́dún yẹn, obìnrin kan nínú ọjà lọ sí Dùbáì, ó wá fi fọ́tò yọ gbogbo wa lẹ́nu. Ara Fáòsíà ò gbà á. Òun ní tòun, orí òkè tí yìnyín bò lòun ti máa sinmi ní Dìsẹ́ńbà, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń de pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n ń yọ̀ bọ̀ láti òkè. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, a kì í sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò síta kí ayé má bàa dí i lọ́nà.

2.

Orí fóònù ló ti rí Usamah tó ń polówó òkè yìnyín. Nígbà tó pè é, Yorùbá ló fi dá a lóhùn, ó ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lòun náà. Ó wá sí ìsọ̀ rẹ̀ nínú jàlàbíà funfun, ó mú aṣọ kan, ó sanwó láì ná an. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Yorùbá tó wọ ọjà tí kò nájà, ṣé kò yẹ kí àyà wa já?

"Àǹtí, òkè mẹ́ta ló wà, orílẹ̀-èdè mẹ́ta," ni Usamah wí. "Ẹ mú èyí tó wù yín."

Fáòsíà wo àwọn fọ́tò tí Usamah fi hàn án lórí fóònù bó ṣe ń wo àwọ̀ aṣọ. Nínú èkíní, ajá pupa kan tí etí rẹ̀ ya sùn síwájú òtẹ́ẹ̀lì. Nínú èkejì, ajá eléti yíya náà tún rèé.

"Usamah, ṣé kì í ṣe ajá àkọ́kọ́ nìyí?"

"Àǹtí, ajá òyìnbó, ara wọn ni wọ́n jọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o, pàápàá ará ilé. Ẹ mọ ayé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Fáòsíà létí ju ti ajá lọ. Ó mú òkè tí òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní òrùlé pupa.

3.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Usamah ní àwọn tó ń fúnni ní físà fẹ́ rí ohun iyebíye kan tó máa fi hàn pé èèyàn á padà sílé. Wọ́n á wò ó, wọ́n á dá a padà. Ṣé Àǹtí ní wúrà?

Lọ́jọ́ kejì ni Mutmainah pè é láti ìdí ọṣẹ. "Fáòsíà, kí lò ń wò tí inú ẹ dùn paa báyìí?"

Fáòsíà da fóònù dé. "Kò sí nǹkan, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Bá mi mú wúrà ìyá wa wá ní Jímọ̀, kí Lubabah wọ̀ ọ́ wò."

Fáòsíà bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i. Ta ló sọ fún un? Ṣé ẹsẹ̀ òun tó fẹ́ tẹ yìnyín ló ń dùn ún? Kó tó di Jímọ̀, ó wọ ọkọ̀ èrò, tròtrò, lọ sí Circle, ó fi wúrà náà lé Usamah lọ́wọ́ nínú ọ̀rá dúdú. Nígbà tí Jímọ̀ dé, ó ní òun gbàgbé rẹ̀ sílé.

Lubabah náà pe Fáòsíà lórí fóònù. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ní Lapaz. "Àǹtí, wọ́n ní ẹ ń ra kóòtù òtútù nídìí obroni wawu, àwọn tó ń ta òkìrìkà. Tó bá jẹ́ ìrìn-àjò ni, ẹ jẹ́ n bá yín wò ó."

"Ìyá ẹ ló rán ẹ!" Ó pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

4.

Nígbà tí Dìsẹ́ńbà pé, Fáòsíà mú tíkẹ́ẹ̀tì tí Usamah fún un, ó dé pápákọ̀ òfurufú nínú kóòtù yẹn, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀. Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà yẹ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò, ó mi orí. "Madam, orúkọ yín ò sí níbí o." Fáòsíà pe Usamah títí, fóònù rẹ̀ ti kú.

Lapaz ló forí lé tààrà. Lubabah wo àwọn fọ́tò náà fìrí.

"Ẹi, Àǹtí! Òkè kan ṣoṣo ni gbogbo èyí, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ti yà á. Ẹ wo ajá yìí. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i," ni Fáòsíà wí, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ má sunkún, ẹ jẹ́ n pe Màmá."

"Má pè é! Lubabah, wúrà ẹ… wúrà ẹ ti lọ."

5.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Mutmainah, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, fi ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ọrùn ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà béèrè wúrà Mẹ́kà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú Fáòsíà sì wà nílẹ̀.

"Ó wà lọ́wọ́ àbúrò mi," ni Mutmainah dáhùn. "Ó ń bá mi tọ́jú ẹ̀."

Ìtìjú yẹn dun Fáòsíà ju èébú lọ.

Wọ́n ṣì jọ ń jókòó lọ́jà dòní. Ẹ̀gbọ́n ń kí àbúrò, àbúrò ń kí ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí Fáòsíà bá ń wo fóònù, Mutmainah kì í bi í ní ohun tó ń wò mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ìhín, ẹ ṣọ́ra. Àjèjì tó bá ní kí ẹ má sọ fún ará ilé yín, òun gan-an ni ayé tí ẹ̀ ń sá fún. Ẹ fi ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún yín han ẹni tó fẹ́ràn yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Abèèrè kì í ṣìnà.