Ìdọ̀bálẹ̀ Bàbá Ìbíkẹ́

Lọ́yà gbé fóònù sílẹ̀. Faransé ló ń bá ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n ní Kútọnu sọ, bàbá tó jókòó níwájú rẹ̀ kò sì gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí? Ṣé wọ́n á fi ọmọ mi àtìyàwó ẹ̀ sílẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ wọn le, Bàbá. Wọ́n ní àwọn méjèèjì ò níwèé ìgbélùú."

Bàbá ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì ọ́fíìsì náà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. "Ẹ dákun, ẹ̀yin nìkan lẹ gbédè wọn."

Ó yẹ kí ọmọdé tètè gbé àgbà dìde. Lọ́yà kò gbé e. Ó gbẹ́sẹ̀ sókè, ó dá a kọjá, bí bàbá yìí náà ṣe dá a kọjá lọ́jọ́ tí Lọ́yà ti kàǹpù ogúnléndé ní Òrù wá dọ̀bálẹ̀ tọrọ Ìbíkẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀, tí bàbá ní òun ò ní fọmọ fẹ́ni tógun lé wá láti Kóńgò.

Bàbá gbórí sókè, ó wò ó dáadáa. "Àbí ìwọ ni?"

"Èmi ni." Lọ́yà ti dé ẹnu ọ̀nà. "Wọ́n ti fi ọmọ yín àtìyàwó ẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó dé. Mo kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn lórí fóònù ni. Ẹ lè dìde."